Ó Ku Iná

Àwọn àgbà ní orúkọ ń ro ọmọ. Mo gbà, àmọ́ kí wọ́n yọ ti ọkọ mi sílẹ̀. Mákánjúọlá ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ní Ìpàpó ní ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta sẹ́yìn, pé kí ọmọ náà má kánjú, ohun tó bá jẹ́ tirẹ̀ yóò dé bá a. Ọmọ gbọ́ tán, ó wá sọ ìkánjú di iṣẹ́ ọwọ́. Bó bá jókòó ti oúnjẹ, orókùn rẹ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ tábìlì títí omi inú ife á fi máa mì. Bó bá ń wẹ̀, á máa pariwo láti inú balùwẹ̀ pé ta ló ń kanlẹ̀kùn, nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti bá a gbé fún ọdún mọ́kànlélógún, n kò tíì rí ọjọ́ tó mu tíì tán kó tó dìde. Ojoojúmọ́ ni mo ń pè é padà: "Bàbá Ìyanu, tíì yín ló wà níbí yìí o!"

Iṣẹ́ rìwáyà ló ń ṣe. Òun ló ń fa wáyà iná sínú ilé fún àwọn èèyàn, láti Ìsẹ́yìn níbí dé Adó-Àwáyè, dé Òkèhò. Bí a bá jọ wà lórí ọ̀kadà, á máa nawọ́ sí ilé ọ̀tún, á nà án sí ilé òsì, pé, "Èmi ni mo rìwáyà ìyẹn. Èmi náà ni mo rìwáyà tọ̀hún." Yàrá méjì tí àwa ń gbé, ilé onílé ni. Òwú ni mò ń tà fún àwọn ahunṣọ, mo sì mọ ahunṣọ tó ń wọ ẹ̀wù tó ti ya lẹ́yìn, nítorí náà n kò bá a jà lórí ìyẹn. Ohun tí mo bá a jà lé lórí ni bíríkì oníke.

Ẹ ti lè rí i rí: àwọn bíríkì kéékèèké tí a fi ike ṣe, pupa, funfun, aláwọ̀ ewé, tí orí wọn ní kókó-kókó, tí èèyàn á máa kàn mọ́ra wọn títí wọn á fi di ilé tàbí ọkọ̀. Ọmọdé ni èmi rò pé wọ́n ṣe é fún. Lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, ọkùnrin kan tó ti òkè òkun dé pe ọkọ mi pé kó wá tún iná ilé òun ṣe. Àwọn ọmọ ọkùnrin náà ti dàgbà, wọ́n fi garawa bíríkì kan sílẹ̀, ó ní kí ọkọ mi bá òun dà á nù bó bá ń lọ. Ọkọ mi kò dà á nù. Ó gbé e wálé, ó dà á sórí ẹní, ó sì jókòó tì í.

Ó jókòó o. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Mo ti ìdí ìkòkò wò ó fún bíi wákàtí méjì, orókùn rẹ̀ kò gbọ̀n rárá. Ó kọ́ ilé kékeré kan, ó tú u, ó tún un kọ́. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Mo ní, ọpẹ́ o, a ti rí oògùn rẹ̀. N kò mọ̀ pé oògùn náà ní àìsàn tirẹ̀ nínú.

Kò pẹ́ tó fi rí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí Wàsáàpù. Dókítà kan wà níbẹ̀ láti Àbújá, lọ́yà kan láti Èkó, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìlọrin, àti obìnrin kan ní Ìbàdàn tó ń ta páálí bíríkì fún gbogbo wọn. Àgbàlagbà onírùngbọ̀n! Bí páálí tuntun bá ti jáde, obìnrin Ìbàdàn yẹn á gbé àwòrán rẹ̀ síta, ara ọkọ mi kò sì ní balẹ̀ mọ́. Á sanwó lówùúrọ̀, á ti dé gáréèjì lọ́sàn-án láti béèrè bóyá awakọ̀ ti gbé ẹrù òun dé, nígbà tí awakọ̀ náà kò tíì kúrò ní Ìbàdàn. Á tún padà lọ nírọ̀lẹ́. Àwọn ọmọ gáréèjì ti sọ ọ́ ní Bàbá Ṣé-Ó-Ti-Dé.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ wá kan iná ló burú jù. Àṣé wọ́n ń ta iná wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ fún ilé oníke náà lọ́tọ̀: gílóòbù tí kò tó hóró ọkà bàbà, wáyà tó tín-ín-rín ju òwú tí mò ń tà lọ. Wọ́n á fa wáyà náà gba abẹ́ bíríkì kí ojú má bàa rí i, wọ́n á so ó mọ́ páwà-báǹkì, gbogbo yàrá inú ilé náà á sì tàn. Ọwọ́ ọkọ mi tóbi, wáyà ilé ńlá ló mọ́ ọn lára. Ó gba ẹ̀mú kékeré tí mo fi ń fa irun ojú, òun ló ń fi gbé gílóòbù. N kò rí ẹ̀mú náà gbà padà di òní olónìí.

"Ilé àwọn bèbí ti níná," mo sọ fún un lọ́jọ́ kan tí wọ́n ti mú iná lọ láti ìjẹta. "Tiwa ńkọ́?"

"Tiwa ń bọ̀," ó ní. Ó ti dìde, ó ń lọ wo ojú wáyà níta, bí ẹni pé wíwò rẹ̀ ló máa mú un wá.

Àwàdà ni gbogbo èyí ì bá jẹ́ ká ní kì í ṣe ti ilé Ìpàpó.

Ọdẹ́yẹmí ni orúkọ bàbá rẹ̀, ọdẹ ni, àgbẹ̀ sì tún ni. Ilé alámọ̀ ló fi sílẹ̀ fún wọn ní Ìpàpó: yàrá mẹ́fà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan, igi emi níwájú ilé. Nígbà tó kú, inú ilé náà ni wọ́n sin ín sí. Òjò ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ló wó ilé yẹn palẹ̀. Orí yọ ìyá rẹ̀, Dúróríkẹ́, nítorí oko ni wọ́n wà lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà náà, Kìṣí ni Ìyá ń gbé, lọ́dọ̀ ọmọ wọn obìnrin, Ìyá Sódìq, tó lọ́kọ síbẹ̀. Wọ́n ń tọ́jú wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí Ìyá bá pè, ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Àkànní, ìgbà wo ni mò ń padà sílé ọkọ mi?" Àkànní ni oríkì tí wọ́n ń pe ọkọ mi.

Níbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, ẹbí ṣèpàdé. Bàbá Fátókun tó jẹ́ olórí ẹbí kò fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. Wọ́n ní ọmọ ẹbí kan fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí ilẹ̀ náà, ó ti ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kó yanrìn sílẹ̀. Bí iṣu tuntun bá dé tí Àkànní kò tíì ṣe nǹkan kan síbẹ̀, ilẹ̀ ti di tẹni yẹn. "Ibi tí èéfín kò ti jáde, ahoro ni," ni wọ́n wí. Ṣọ́ọ̀bù lórí ojú oórì bàbá rẹ̀! Nígbà tí Ìyá gbọ́ ní Kìṣí, wọn kò fẹnu kan oúnjẹ fún odidi ọjọ́ kan.

Kí ló wá dá ọkọ mi dúró? Èmi tí mo bá a gbé mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ó ya àwòrán ilé náà lẹ́ẹ̀mẹrin, ó fa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ya. Ṣé kí yàrá jẹ́ mẹ́fà ni àbí mẹ́rin? Ṣé kí ojú ilé kọ sí igi emi ni àbí sí títì? Ó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì padà wálé lẹ́ẹ̀mẹta láìsọ iye tó fẹ́. Ẹni tó ń kánjú lórí ohun gbogbo, ohun kan ṣoṣo tó yẹ kó kánjú sí, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wúwo. Inú bí mi sí i ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ó wá ní òun yóò kọ́kọ́ fi bíríkì oníke kọ́ ọ, kí òun lè fojú rí i.

Ó sì kọ́ ọ lóòótọ́. Obìnrin Ìbàdàn bá a ṣa bíríkì tó ní àwọ̀ ilẹ̀ pupa jọ. Ó to yàrá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó to ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi èyí tó láwọ̀ ewé ṣe igi emi, ó sì gbé ọmọláńgidi kékeré kan sí ẹnu ọ̀nà, ó ní bàbá òun nìyẹn. N kò ní purọ́, ilé náà dára. Mo gbé ìgbálẹ̀ dúró, mo wò ó títí, ó sì ṣe mí bákan láyà.

Kí n tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí fóònù, ohun kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa Ìyá. Nígbà tí ọkọ mi àti èmi kó dé yàrá méjì tí à ń gbé yìí, Ìyá wọ mọ́tò láti Ìpàpó wá bá wa, wọ́n di ìdì igi ìdáná dání. Wọ́n ní nínú ilé Ọdẹ́yẹmí, ìyá ọkọ ló ń dá iná àkọ́kọ́ nínú ilé tuntun. Bí wọn kò bá tíì dá a, ilé kò tíì parí. Mo ní, "Ìyá, sítóòfù gáàsì la ní o." Wọ́n wò ó, wọ́n ní kí n ṣí ojú rẹ̀. Wọ́n ṣáná sí i, wọ́n gbàdúrà lé gáàsì lórí fún bíi wákàtí kan, wọ́n di ìdì igi wọn padà. Ẹ̀rín pa mí lọ́jọ́ náà, mo fi aṣọ bo ẹnu.

Ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Èbìbí ni Ìyá pè. Ọkọ mi wà lórí ẹní, ẹ̀mú lọ́wọ́ rẹ̀, gílóòbù lẹ́nu ẹ̀mú. Nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kò dilẹ̀, ó ṣí ohùn fóònù síta, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Etí mi ni mo fi gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Àkànní, ilé wa ńkọ́?"

"Ìyá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mò ń kọ́ ọ lọ́wọ́ báyìí."

"O ń kọ́ ọ? Ilé bàbá rẹ?"

"Ilé bàbá mi ni, Ìyá. Mo ti bo orí rẹ̀ pàápàá."

"Yàrá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà?"

"Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó ku iná nìkan."

Mo gbọ́ tí ewúrẹ́ ń ké lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà Ìyá ní, "Mo dúpẹ́," ohùn wọn sì ti yàtọ̀. Bí fóònù ṣe gé nìyẹn.

Mo jáde sí i láti inú yàrá kejì. "Bàbá Ìyanu, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí ẹ sọ fún Ìyá?"

"Kí ni mo sọ? Mo ti sọ fún wọn lóṣù tó kọjá pé mo fẹ́ fi bíríkì kọ́ ilé Bàbá."

"Bíríkì wo? Ṣé ẹ sọ fún wọn pé ike ni?"

Gílóòbù bọ́ lẹ́nu ẹ̀mú, a wá a títí, a kò rí i.

Kì í ṣe irọ́ ló pa, mo lè búra. Ilé kan ni ọmọ ń sọ, ilé mìíràn ni ìyá ń gbọ́. Rìwáyà ni ọmọ: tí ó bá ti pe iná, wáyà àti gílóòbù ló ń pè. Fún Ìyá, iná ni èyí tí à ń dá sábẹ́ ìkòkò. Ọmọ ní òun kò tíì so gílóòbù. Ohun tí Ìyá gbọ́ ni pé ilé ti parí, kí àwọn máa bọ̀ wá dáná.

Mo ní kó pè wọ́n padà lójú ẹsẹ̀. Ó ní ojú lọ̀rọ̀ wà, òun yóò lọ sí Kìṣí lọ bá wọn sọ ọ́ lójúkojú. Lọ́jọ́ Ajé, ó ní iṣẹ́ ń dúró de òun ní Òkèhò. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó dé gáréèjì, ó bá mọ́tò Kìṣí tó ku èrò kan kó kún, ó ní kí ẹlòmíràn máa wọlé, òun fẹ́ ra omi. Ó padà wálé pẹ̀lú omi lọ́wọ́. Ọjọ́rú ni Ìyá Sódìq pè, inú rẹ̀ ń dùn, kò jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní Ìyá ti di ẹrù. Wọ́n ti pín ìkòkò wọn fún àwọn aládùúgbò, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n mú. Wọ́n ti lọ dágbére láti ojúlé dé ojúlé pé Àkànní ti kọ́lé. Mọ́tò àárọ̀ ọ̀la ni wọ́n máa wọ̀, wọ́n sì ti ní Ìpàpó làwọn máa bọ́ọ́lẹ̀ sí, kì í ṣe Ìsẹ́yìn.

"Sọ fún Ìyá," ni ọkọ mi wí. "Sọ fún Ìyá pé…"

"Kí n sọ pé kí ni, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Pé kí wọ́n rọra wọ mọ́tò."

Mo gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ Ìyá Sódìq ti gé e. Mo tún un pè, kò wọlé. Mo ju fóònù náà sórí ibùsùn. "Ẹni tó rìwáyà ilé igba èèyàn," mo ní, "kò lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ fún ìyá tó bí i!" Ó yí inú yàrá náà po, ó jáde, ó wọlé, ó tún jáde. Gbogbo ọjọ́ yẹn, kò fìdí kan ìjókòó. Níkẹyìn ó sọ̀rọ̀ láìwojú mi, ó ní a ó dé Ìpàpó kí mọ́tò Ìyá tó dé. Ó ní òun ó gbé ilé náà dání.

"Ilé wo?"

"Kí wọ́n lè rí i pé n kò purọ́."

Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ ni a gbéra lórí ọ̀kadà rẹ̀. Èmi ni mo gbé ilé bàbá rẹ̀ lé itan nínú páálí. Títì yẹn kò dára, bí a bá sì ti bọ́ sínú kòtò, á yíjú padà: "Ṣé kò tú?" Mo ní kò tú. "Igi emi ńkọ́?" Mo ní kó kọjú síwájú kó má pa wá. Nígbà tí a máa fi dé Ìpàpó, mo ti búra nínú ọkàn mi pé èmi gan-an ni mo máa sọ ọ́ fún Ìyá bí òun kò bá lè sọ ọ́.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́ fún yín, ibẹ̀ kò dùn ún wò. Koríko imí eṣú ti bo gbogbo inú àlàpà náà, ògiri tó kù kò ju orókùn lọ. Yanrìn ẹni tó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òkìtì ńlá. Igi emi nìkan ló dúró bó ṣe wà. A gbé páálí sábẹ́ rẹ̀. Ọkọ mi rìn dé títì, ó padà, ó tún lọ. Mo ní kó jókòó, ó jókòó, ó dìde. "Bóyá mọ́tò wọn ti bàjẹ́ lọ́nà," ó ní, mo sì gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀ pé àdúrà ló ń gbà.

Mọ́tò kò bàjẹ́. Nígbà tí oòrùn dé àárín orí, bọ́ọ̀sì kan dúró, Ìyá sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ró ìró tí wọ́n fi sí ìsàlẹ̀ àpótí fún ọjọ́ pàtàkì. Awakọ̀ bá wọn sọ ẹrù kalẹ̀: ẹní kan, àpótí kan, ìkòkò kan, iṣu èṣí mẹ́ta nínú àpò, àti ìdì igi ìdáná. Bí mo ṣe rí igi yẹn, àyà mi já. A kúnlẹ̀, a dọ̀bálẹ̀, wọ́n dá wa lóhùn, ṣùgbọ́n ojú wọn ti kọjá orí wa.

"Igi emi nìyẹn," wọ́n ní. "Ilé dà?"

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ lanu nígbà tí ọkọ mi lọ gbé páálí, tó ṣí i, tó gbé ilé náà lé orí ìpìlẹ̀ ògiri níwájú ìyá rẹ̀. Ó ki wáyà bọ páwà-báǹkì.

"Òun rèé, Ìyá."

Ìyá wò ó. Oòrùn ọ̀sán ń ràn lé e lórí.

"Iná ti wà nínú rẹ̀," ó ní. "Oòrùn ni kò jẹ́ kó hàn."

Ojú tì mí fún un débi pé mo fẹ́ sunkún, inú sì tún ń bí mi. Ìyá tú ìborùn wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi bo ilé náà àti orí ara wọn pa pọ̀, kí abẹ́ rẹ̀ lè ṣókùnkùn. "Wá," mo gbọ́ tí wọ́n sọ lábẹ́ aṣọ. Ọkọ mi kúnlẹ̀, òun náà ki orí bọ abẹ́ rẹ̀. Èmi wà níta, mò ń wo ẹ̀yìn ìyá àti ọmọ lábẹ́ ìborùn kan ní ọ̀sán gangan, àwọn èèyàn sì ti ń dúró lójú títì láti wò wá.

"Yàrá mi rèé," Ìyá ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ta ló dúró lẹ́nu ọ̀nà?"

"Bàbá ni."

"Bàbá rẹ kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yìnkùlé ló máa ń wà, kí àlejò má bàa rí i." Ìborùn náà yí sápá kejì. "Ó dára, Àkànní. Ó dára gan-an."

Wọ́n yọ orí jáde. Ojú wọn kì í ṣe ojú ẹni tó ń yin èèyàn. "Níbo wá ni kí n gbé ẹrù mi sí nínú rẹ̀?"

Ọkọ mi na gbalaja sínú imí eṣú, ẹnu rẹ̀ sì wá tú. Ó ní kí Ìyá má bínú. Ó ní kì í ṣe pé òun kò fẹ́ kọ́ ọ, ẹ̀rù ló ń ba òun. Gbogbo ìgbà tí òun bá ti ya àwòrán rẹ̀, òun á rí i pé kò dà bíi ti Bàbá.

"Ta ló ní kó dà bíi ti bàbá rẹ?" Ìyá ní. "Ṣebí ti bàbá rẹ wó."

Mo sún mọ́ wọn, mo di ọwọ́ wọn mú. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká jọ máa lọ sí Ìsẹ́yìn, yàrá wa gbà wá. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, mo ti dágbére ní Kìṣí." Wọ́n bọ́ ọwọ́ mi, wọ́n gbé ìdì igi wọn, wọ́n gun orí ògiri tó wó kọjá sínú ilé. Wọ́n mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ imí eṣú mọ́lẹ̀ níbi tí ìdáná wọn wà tẹ́lẹ̀, wọ́n ní kí n ṣa òkúta mẹ́ta wá. Mo ṣa á. Wọ́n to ààrò, wọ́n yọ ìṣáná nínú ìgbànú, wọ́n dáná. Mo lọ pọnmi, mo bẹ iṣu. Igi náà kò gbẹ tó, èéfín rẹ̀ sì pọ̀, ó ga ju igi emi lọ.

Èéfín yẹn ló pe Bàbá Fátókun. Wọ́n dé pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, wọ́n rò pé àwọn kan ló ń sun igbó. Wọ́n rí Ìyá lórí àpótí nídìí ààrò.

"Ìyá Àkànní! Ẹ kú àbọ̀ o. Kí lẹ ń ṣe nínú ahoro?"

"Ahoro wo?" Ìyá ń ro iná, wọn kò gbójú sókè. "Ẹ̀yin náà lẹ ní ibi tí èéfín kò ti jáde ni ahoro. Ṣé ẹ kò rí èéfín ni?"

Bàbá Fátókun wo èéfín, wọ́n fi ojú tẹ̀lé e lọ sókè. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n fi họ orí, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu wọn láìfẹ́. "Ìyá Àkànní, ẹ kò ní pa mí," wọ́n ní. Lẹ́yìn náà ojú wọn le díẹ̀. Wọ́n ní àwọn gbọ́, àwọn yóò sọ fún ẹni tó ni yanrìn. Ṣùgbọ́n òjò ti ń bọ̀, òjò kì í sì í bọ̀wọ̀ fún ààrò tí kò ní òrùlé. Ọkọ mi ni wọ́n ń wò bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Nígbà tí wọ́n lọ, iṣu jinná. Ìyá bù ú fún wa, a fi epo jẹ ẹ́. Ọkọ mi jókòó sórí ìpìlẹ̀ bàbá rẹ̀, ilé oníke náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, orókùn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìyá gbé ọwọ́ lé orókùn náà.

"Iná ti wà, Àkànní," wọ́n ní. "Ó ku ilé."

Ọkọ mi gbé àwo iṣu kalẹ̀ láìjẹ ẹ́ tán. Ó dìde, ó gba ẹ̀yìn igi emi lọ, ó ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó dúró lójú títì pé ta ló ní ṣọ́bìrì. N kò pè é padà.